ETÍ TÓ GBỌ́ ÀLỌ, KÓ GBỌ́ ÀBỌ̀

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ètò Ìlera ẹgbẹ́ wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tí wọ́n bá ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tó sì ń jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọpẹ́ ló yẹ kó máa dá. Àwọn tó ti lọ nínú wa, Ọlọ́run yóò dẹlẹ̀ fún wọn.

Nígbà tí Alága ní kí ìgbìmọ̀ wa wá sọ̀rọ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ yín ti rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà la ó tún sọ, nítorí ọjọ́ orí wa ló ń bá wí. A fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìpàdé oṣù. Ọ̀rọ̀ ẹni tó kéré jù nínú ilé wa la gbé wá, ìyẹn ọmọ ọwọ́ tí wọn kò tíì sọ lórúkọ pàápàá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àwa la sì ti di àgbà ọjà báyìí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí oṣù kan tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ yìí kì í di ẹrù lọ sí Houston, Maryland tàbí Chicago láti lọ wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀. Ọṣẹ dúdú wà nínú ẹrù, òrí wà níbẹ̀, ẹja gbígbẹ náà kò gbẹ́yìn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́hùn-ún, kí wọ́n tó jẹ́ kí ìyá ọmọ lọ sílé, nọ́ọ̀sì yóò wá yẹ etí ọmọ wò ní wọ́ọ̀dù, yóò sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé. Bí ìwé náà bá sọ pé ọmọ kò yege, tí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọn yóò tún gbé e padà wá, ìyá tó ti ilé wá ni gbogbo ojú máa ń yí sí. Ìyá á ní, "Kò sí adití nínú ìdílé wa. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, yóò gbọ́." Ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbólóhùn kan yẹn lè mú kí wọ́n ju ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀, kí ọdún méjì sì gorí ọmọ kí ẹnikẹ́ni tó tún rántí rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: àyẹ̀wò ọjọ́ àkọ́kọ́ kọ́ ni iṣẹ́, ìpadàbọ̀ ni iṣẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà ti ń náwó lórí ìpadàbọ̀ yìí fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀ fún àwa tí a wà nílé.

Àwọn kan máa ń béèrè pé báwo ni ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ yóò ṣe sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun gbọ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà mọ̀ ọ́n. Nínú ti àkọ́kọ́, wọn yóò ki ohun kékeré kan tó rọ̀ bọ ẹnu ihò etí ọmọ, ẹ̀rọ yóò sì máa ta ohùn wẹ́wẹ́ sínú etí náà. Etí inú tí ara rẹ̀ dá a máa dá ìró díẹ̀ padà, bí òkè ṣe ń gbohùn ẹni tó pariwo nítòsí rẹ̀. Ìró tó padà yẹn ni ẹ̀rọ ń tẹ́tí sí. Nínú ọ̀nà kejì, wọn yóò lẹ àwọn nǹkan pélébé mọ́ orí àti ọrùn ọmọ, wọn yóò fi ohùn sí i létí, ẹ̀rọ yóò sì wò ó bóyá ohùn náà dé ọpọlọ. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí ìrora. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, oorun ni ọmọ sì sábà máa ń sùn lọ ní tirẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀rọ yìí kì í sọ pé ọmọ dití. Ohun tó ń sọ ni pé kí wọ́n tún un wò. Omi inú oyún lè ṣẹ́kù sí ihò etí ọmọ, ó sì lè jẹ́ ẹkún ló ń sun nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí nìyí tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí kò yege lákọ̀ọ́kọ́ fi máa ń yege nígbà tí wọ́n bá padà lọ. Ṣùgbọ́n nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí, bí ọ̀kan sí mẹ́ta wà tí etí wọn ní ìṣòro lóòótọ́ láti ọjọ́ ìbí. Kò sí ìyá àgbà tó lè fojú lásán mọ èwo ni. Ọmọ adití ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń gbìyànjú ohùn lẹ́nu bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn oṣù àkọ́kọ́. Bí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó yíjú, ó lè jẹ́ atẹ́gùn ọwọ́ yín ló kàn án. Òmíràn ń gbọ́ ìlù, ó ń gbọ́ ilẹ̀kùn tó gbá, àmọ́ kò gbọ́ àwọn ohùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ọ̀rọ̀. Ní ti pé kò sí adití nínú ìdílé wa, ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú ọmọ adití mẹ́wàá tó jẹ́ pé bàbá àti ìyá tó ń gbọ́ròó dáadáa ló bí wọn.

Kí ló wá dé tí a fi ń kánjú? Ẹ wo ọmọ tí wọ́n ń pè ní Àyìnkẹ́. Láàárọ̀, bí ìyá rẹ̀ ti ń wẹ̀ ẹ́ ló ń kì í. Ọmọ kò lè dáhùn, ṣùgbọ́n ó ń kó o pamọ́. Nǹkan bí ọdún kan gbáko ló fi ń kó ọ̀rọ̀ sínú kí ẹyọ kan tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tí etí rẹ̀ dí kò rí nǹkan kó pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń kì í kò mọ̀. Kí Amẹ́ríkà tó fi àyẹ̀wò yìí ṣe òfin, ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń pé ọdún méjì àbọ̀ sí mẹ́ta kí wọ́n tó mọ̀. Ní 1998, Christine Yoshinaga-Itano àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Colorado gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n ti mọ ìṣòro etí wọn kí wọ́n tó pé oṣù 6 ní èdè lẹ́nu ju àwọn tí wọ́n mọ tiwọn lẹ́yìn náà lọ, nígbà tí wọ́n rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.

Òfin wọn kò dé lọ́jọ́ kan. Hawaii àti Rhode Island wà lára ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbé e. Ní 1993, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí àjọ ìlera NIH pè jọ dá a lábàá pé kí wọ́n yẹ etí gbogbo ọmọ wò kí wọ́n tó pé oṣù 3. Nígbà náà, ọmọ tí wọ́n ń yẹ̀ wò kò tó ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Ní 1999, ọ̀gbẹ́ni James Walsh láti New York gbé àbá òfin kan lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, èyí tó la ọ̀nà fún ìjọba àpapọ̀ láti máa fún àwọn ìpínlẹ̀ ní owó ìrànwọ́ lórí iṣẹ́ yìí. Owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2000. Wọ́n ti tún òfin náà sọ jí ní 2010, ní 2017 àti ní 2022. Òfin 2017 mú kí ètò náà kọjá ọmọ ọwọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké tó ti ń rìn, nítorí etí òmíràn dára lọ́jọ́ ìbí, lẹ́yìn náà ló tó wá ń dí.

Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé kò le láti há sórí. Wọ́n ń pè é ní 1-3-6. Kí ọmọ tó pé oṣù 1, kí wọ́n ti yẹ etí rẹ̀ wò. Bí kò bá yege, kí ó tó pé oṣù 3, kí onímọ̀ nípa etí ti sọ ohun tó jẹ́ gan-an. Bí ìṣòro bá wà, kí ó tó pé oṣù 6, kí ìrànlọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń lọ wẹ ọmọ, ẹ há 1-3-6 sórí bí ẹ ti há nọ́ńbà fóònù ọmọ yín sórí.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ti béèrè lọ́wọ́ wa bóyá òótọ́ ni pé ìjọba Amẹ́ríkà ń fún òbí ọmọ lówó lórí etí, àti bí ènìyàn ṣe lè kọ̀wé gbà á. Ẹ jẹ́ kí a là á mọ́lẹ̀. Kì í ṣe owó tí wọ́n ń kó lé bàbá tàbí ìyá ọmọ lọ́wọ́. Àjọ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní HRSA ló ń fún àwọn ìpínlẹ̀. Àjọ CDC náà ti ran ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ àti ìwé tí wọ́n fi ń kọ èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù kí ẹ lè gba owó etí, gbájú-ẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣírò díẹ̀. Ti HRSA yìí tó bíi mílíọ̀nù 18 dọ́là lọ́dún. Ọmọ tí wọ́n ń bí ní Amẹ́ríkà lọ́dún tó bíi mílíọ̀nù 3.6. Bí a bá pín in, dọ́là 5 ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ta ló lè fi dọ́là 5 yẹ etí ọmọ wò ní ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà, kó sì tún fi tọ́jú rẹ̀? Kò ṣeé ṣe. Àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ wà nínú owó ìgbẹ̀bí tí adójútòfò tàbí Medicaid ń san. Kí wá ni owó ìrànwọ́ ń ṣe? Ó ń sanwó fún àwọn tó ń lépa ọmọ dé ilé. Òṣìṣẹ́ kan wà ní ọ́fíìsì ìlera ìpínlẹ̀ tó ń wo orúkọ àwọn tí kò yege, tó ń pe ilé wọn, tó ń kọ lẹ́tà, tó sì ń rán dókítà ọmọ náà létí. Wọ́n tún máa ń fa òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn yìí lé òbí mìíràn lọ́wọ́, ẹni tí ọmọ tirẹ̀ náà dití tó sì ti la ọ̀nà náà kọjá.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ hàn nínú èsì wọn. Lónìí, nínú 100 ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀, wọ́n ń yẹ etí bíi 98 wò. Ti ẹ̀rọ ti yanjú. Àmọ́ ní 2005, nínú àwọn tí kò yege, ó ju ìdajì lọ tí ìjọba kò rí àkọsílẹ̀ pé wọ́n padà wá. Nígbà tó fi máa di 2016, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ìpè àti lẹ́tà, ó ti wálẹ̀ sí bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Kì í ṣe pé gbogbo àwọn wọ̀nyí jókòó sílé. Àwọn kan padà lọ, ilé ìwòsàn ni kò fi èsì ránṣẹ́. Àwọn mìíràn ti kó kúrò níbi tí wọ́n ń gbé, tàbí kí nọ́ńbà wọn ti yí padà. Ìyá òmíràn kò rí àyè gbà níbi iṣẹ́. Wọ́n sì ti sọ fún àwọn kan pé, "Omi ni, yóò gbẹ." Orílẹ̀-èdè tó lówó tó bẹ́ẹ̀ ra ẹ̀rọ tán, ó ṣì ń wá ọmọ kiri.

Ọmọ tí wọ́n bá rí tí etí rẹ̀ ní ìṣòro lóòótọ́, ọ̀nà rẹ̀ kò dí. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí i létí láti ìgbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí ti òmíràn bá le gan-an, iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń ki ẹ̀rọ sínú etí inú nígbà tí ọmọ bá ti ń sún mọ́ ọdún kan. Èdè ọwọ́ tún wà. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, ètò ìrànlọ́wọ́ wà fún ọmọ láti ọjọ́ ìbí títí dé ọdún 3, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí láti yẹ ọmọ wò bóyá ó tọ́ sí i. Ti owó ẹ̀rọ ìgbọ́ràn yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, nítorí náà kí òbí béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìlera ìpínlẹ̀ tí wọ́n wà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wa bí ẹni pé a ń bú adití. Adití kì í ṣe òmùgọ̀. Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí etí rẹ̀ dí, ló dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Gánà ní 1957, kó tó wá dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹnu rẹ̀ kọ́ ló fi ṣe é nìkan, ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ́ni. Dídití nìkan kọ́ ló ń ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ jẹ́, kí ọmọ dàgbà láìní èdè kankan, yálà ti ẹnu tàbí ti ọwọ́, ni. Ìyẹn ni 1-3-6 ń sá fún.

Ilé wa wá ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í wáyé nílé ìwòsàn. Àwọn kan wáyé lọ́dọ̀ agbẹ̀bí, àwọn kan ní ilé àbíyè ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù kò lè rí wọn. Ṣùgbọ́n Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà, dókítà àwọn ọmọdé, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Èkó rí ọ̀nà kan. Wọ́n gbé àyẹ̀wò etí lọ sí ibi tí ìyá ọmọ ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG, wọ́n sì gbé ìwádìí wọn jáde ní 2008. Ìyá tó bímọ nílé àti èyí tó bímọ nílé ìwòsàn máa ń pàdé níbi abẹ́rẹ́. Ọgbọ́n ilé wa nìyẹn, kò sí ẹni tó kó o wá láti òkè òkun.

Ohun kan tún wà tí kò ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀. Ibà pọ́njú tó bá le lára ọmọ tuntun lè ba etí rẹ̀ jẹ́, ó sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Bí ojú ọmọ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, oòrùn àárọ̀ nìkan kò tó, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kó aṣọ ọmọ pamọ́ sínú káńfọ̀ mọ́, àwọn bọ́ọ̀lù funfun tó ń rùn yẹn. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí ohun tí dókítà ń pè ní G6PD kò pé lára wọn. Káńfọ̀ máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ibà pọ́njú rẹ̀ yóò sì le kọjá ààlà. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n lò tí ẹ gbé jáde nínú àpótí, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ẹ sá a dáadáa. Àrùn yírùnyírùn náà ń ba etí jẹ́, àwọn abẹ́rẹ́ kan bíi gentamicin sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá gún un ní àgúnjù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra abẹ́rẹ́ fún ọmọ lọ́wọ́ kẹ́míìsì láìrí dókítà.

Níkẹyìn, a dé orí ohun tó wà níwájú ẹgbẹ́. Ẹ ti pinnu pé owó àjọ̀dún yìí kò ní tán sórí aṣọ àti ìrẹsì nìkan, pé a ó ṣe nǹkan fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìlú wa. Àwọn kan ti dá a lábàá pé kí a ra ẹ̀rọ àyẹ̀wò etí. Àbá náà dára, àwa náà fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ kó sì pa dà sílé. Ẹ̀rọ ṣeé yà fọ́tò sí, a mọ̀. Kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò owó ọkọ̀. Àmọ́ owó ọkọ̀ ló ń gbé ọmọ padà wá.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a pín owó náà sí méjì. Ìdajì yóò ra ẹ̀rọ, yóò sì kọ́ nọ́ọ̀sì méjì bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí èkejì lè wà bí wọ́n bá gbé ọ̀kan lọ sí ìlú mìíràn. Ìdajì kejì yóò wà fún ìpadàbọ̀. Èyí ni ìwé ńlá tí orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù méjì, ti ìyá àti ti ẹni tí kì í pa fóònù, káàdì ìpè, àti owó ọkọ̀ fún ìyá tí a bá ní kó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Kí a tó na náírà kan sórí ẹ̀rọ, kí ìgbìmọ̀ wa ti lọ bá ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbà pé wọn yóò gba àwọn ọmọ tí a bá rán wá. Bí wọn kò bá gbà, kí ẹgbẹ́ dá owó ẹ̀rọ dúró. Àyẹ̀wò tí kò ní ibi tó ń lọ, ìpayà lásán ló ń kó bá òbí.

Lẹ́yìn ọdún kan, ìwé náà yóò sọ iye ọmọ tí a yẹ̀ wò fún wa, iye tí a pè padà, àti iye tó padà wá. Ìwé yẹn ni a ó gbé lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kò lè ṣe iṣẹ́ ìjọba títí láé, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìwé dání ní ọ̀rọ̀ láti sọ ju ẹni tó gbé ẹ̀bẹ̀ nìkan dání lọ.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ tún ń lọ sí òkè òkun lóṣù tó ń bọ̀, bí wọ́n bá kọ ọ́ síwèé pé kí ọmọ padà wá, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ dìde tí ẹ ó gbé ọmọ sẹ́yìn. Bó bá yege, ẹ ó jọ rẹ́rìn-ín wálé. Bí kò bá yege, ẹ ti tètè mọ̀, ọ̀nà sì wà. Etí tó gbọ́ àlọ, ẹ jẹ́ kó gbọ́ àbọ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Àwọn ọmọ wa àti ọmọ ọmọ wa yóò gbọ́ oríkì wọn, wọn yóò sì jẹ́ ẹ. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.